Irin Òòfà Méjì Inú Afárá

Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe rélùwéè ìṣeré, Ìyá Aláfárá ni gbogbo èèyàn ń pe obìnrin àgbà kan. Láti ìgbà tó ti wọlé síbẹ̀ ní ọ̀dọ́mọbìnrin, afárá tí rélùwéè ọmọdé ń gbà kọjá ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Igi ni wọ́n fi ń ṣe é nígbà náà, ìtì kan ṣoṣo tí wọ́n gbẹ́ ikùn rẹ̀, tó wúwo débi pé bó bá bọ́ lé ọmọ lẹ́sẹ̀, gbogbo ilé á gbọ́. Wọ́n pa igi tì, wọ́n gbé ti páànù dé. Ìyẹn fúyẹ́, ó sì rẹwà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú bí abẹ. Àpá rẹ̀ ṣì wà ní àtàǹpàkò obìnrin náà. Lẹ́yìn náà ni ti ike dé, èyí tí ọmọ ń to òpó rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn òbí tún ń ráhùn pé ó máa ń yẹ̀ kúrò lẹ́nu ojú irin. Ni ọ̀gá bá ní kí wọ́n fi irin òòfà kékeré, tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, sí ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n fi ìdérí bò ó, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ pa.

“Gbogbo afárá tuntun ló ń wo àìsàn èyí tó ṣáájú sàn,” ni Ìyá Aláfárá máa ń fi ṣàwàdà, “àmọ́ á gbé tiẹ̀ dání.”

Èyí tí kò bá dára, wọn a fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i, wọn a jù ú sínú àpótí kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Òṣìṣẹ́ tó bá wù lè mú un lọ fún ọmọ ilé. Ìlà náà kì í sọ ohun tó ṣe afárá. Ìyá Aláfárá mú ọ̀kan. Ó rí i pé ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣàn, ó sì gbà pé nítorí ọ̀dà ni wọ́n ṣe kọ̀ ọ́, nítorí láti ayé páànù, ọ̀dà ló sábà máa ń ba afárá jẹ́. Kò fi èékánná ha ìdérí wò bóyá ó lẹ̀ dáadáa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó ń ránṣọ ní pálọ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ń ti rélùwéè lórí ẹní. Ó bojú wolẹ̀. Ìdérí méjèèjì ara afárá náà ti ṣí. Ihò méjì ló ń wò ó.

Ó mú afárá náà, ó nà án sí ọmọ náà.

“Ìyá mi, ohun tó wà nínú ibí dà?”

“Rélùwéè ti jẹ ẹ́.”

“Rélùwéè wo?”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa ikùn.

Ọ̀gá ti ṣàlàyé fún wọn: òòfà kan lè bá ìgbẹ́ jáde. Bó bá jẹ́ méjì, wọ́n á máa fa ara wọn láti inú ìfun kan sí òmíràn, wọ́n á fún ìfun náà pọ̀ títí yóò fi lu.

Ó pariwo pe ọmọ rẹ̀, ìyá ọmọ náà, tó wà ní ilé ìdáná.

“Màámi, ẹ má dẹ́rù bà mí o! Bóyá ó wà lábẹ́ àga.”

Wọ́n gbé àga, wọ́n gbọn ẹní. Ìyá ọmọ ló rí ọ̀kan, tó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ.

“Ọ̀kan rèé!”

“Èkejì ńkọ́?”

Kò sí èkejì.

Ní ilé iṣẹ́, bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá òòfà wà lábẹ́ ìdérí, abẹ́rẹ́ tí wọ́n so mọ́ òwú ni wọ́n máa ń rọ̀ sókè rẹ̀. Ìyá Aláfárá so abẹ́rẹ́, ó rọ̀ ọ́ sókè ikùn ọmọ. Abẹ́rẹ́ ń gbọ̀n.

“Ṣé ó ń fà á ni?”

“Ọwọ́ mi ni. Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n, jàre.”

Ìyá ọmọ gbà á. Tirẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n bá so òwú náà mọ́ etí tábìlì, wọ́n tẹ́ ọmọ sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni.

“Má mí, ìyá mi. Díẹ̀ báyìí.”

Abẹ́rẹ́ dúró jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹnu rẹ̀ yí wẹ́rẹ́, ó tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìdodo, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ìyá ọmọ ti gbé e, ó ti dé ẹnu ọ̀nà, bàtà ẹsẹ̀ kan ni ó wọ̀.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà gbé àwòrán inú ikùn náà sí ìmọ́lẹ̀. Kinní funfun kan wà níbẹ̀.

“Ṣé ó dá yín lójú pé ẹ rí èkejì?”

Ìyá Aláfárá la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Òun rèé.

“Ó dáa. Kó máa jẹun, ẹ mú un padà wá lọ́la ká tún un wò. Ká ní méjì ni, iṣẹ́ abẹ là bá máa ṣe fún un báyìí.”

Ìyá ọmọ jókòó pọ̀ọ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Aláfárá kò rẹ́rìn-ín. Àpótí ẹ̀bá ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ yẹn ló ń rò. Obìnrin tó ń kun ọ̀dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ àpótí náà lẹ́yìn rẹ̀, òun náà mú afárá kan fún ọmọ rẹ̀. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi fóònù pè é.

“Màmá wa! Ṣé afárá yín ti wó ni, tí ẹ fi ń pè mí lọ́jọ́ ìsinmi?”

“Èyí tó o mú lọ sílé, níbo ló wà?”

“Ó wà lọ́wọ́ ọmọ mi ní yàrá. Ẹ ṣeun o, látàárọ̀ kò yọ mí lẹ́nu.”

“Lọ wò ó.”

“Kí ló dé?”

“Mo ní kó o lọ wò ó! Ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì.”

Ó gbọ́ ìró bàtà, ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí.

“Màmá.” Ohùn náà ti yí padà. “Méjèèjì ló ṣí.”

“Má wá a nílẹ̀. Gbé ọmọ, kó o máa bọ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba, ibẹ̀ la wà.”

Ó jáde lọ dúró sí ẹnu géètì, ó ń wo gbogbo ọkọ̀ tó ń bọ̀, òòfà kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.