Ọdún Tí Wọn Kò Gba Owó Bàbá Mi

Lọ́dún tí wọ́n pààrọ̀ owó, kò sẹ́ni tí kò rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta. Èmi tí mò ń jí lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó, tí mo sì máa ń padà sí Aké nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, ó ti rẹ̀ mí tẹ́lẹ̀ kí ọ̀rọ̀ owó tó tún dé. Wọ́n ní owó tuntun ti jáde, a ò rí i. Wọ́n ní ká kó ti àtijọ́ lọ sí báńkì, báńkì tilẹ̀kùn. Ẹni tó bá mú ẹgbẹ̀rún náírà àtijọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ti máa mi orí kó tó kí wọn tán. Búrẹ́dì lásán, tiransífà ni mo fi ń rà á, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì kọ̀, èmi àti ẹni tó ń tà á á jọ máa wo ara wa.

Àárín wàhálà yìí ni bàbá mi ti Wásinmi wá. Àgbẹ̀ ni, abúlé kan lẹ́yìn Wásinmi ló ń gbé, òrìṣà tí bàbá tiẹ̀ sìn lòun náà ń sìn. Ó ti pẹ́ tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Bí èèyàn ò bá lanu sọ̀rọ̀, kò ní í mọ ẹni tó wọlé. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kí n ra awò ojú fún un. Kò gbà. Nílé wa, iṣu tí àgbẹ̀ bá kọ́kọ́ wà lọ́dún, bí òrìṣà bá ti gba tiẹ̀, owó tí wọ́n bá pa lórí ìyókù, ara tó ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi ń tọ́jú. Ọmọ kì í bù kún un, ìyàwó kì í tọrọ níbẹ̀. Bàbá ní owó yẹn lòun máa fi ra ojú. Ó tú u sórí tábìlì mi, ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún, àtijọ́ ni gbogbo rẹ̀, òórùn èéfín àjà ṣì wà lára rẹ̀.

"Bàbá, wọn ò gba eléyìí mọ́."

"Ta ni ò gbà á?"

"Gbogbo ayé ni, Bàbá."

"Àwọn tó fi ra iṣu lọ́wọ́ mi ti jẹ iṣu tán. Ṣé kí wọ́n bì í ni?"

Mo bá a kó owó náà jọ. A gun ọ̀kadà lọ sí Òkè-Ìléwó. Ní ṣọ́ọ̀bù awò tí a kọ́kọ́ wọ̀, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ò tiẹ̀ fọwọ́ kan owó náà. Ní ìkejì, wọ́n ní ká ṣe tiransífà. Mo yọ fóònù, Bàbá di ọwọ́ mi mú.

"Owó ta ni ìyẹn?"

"Owó mi ni, Bàbá."

"Ojú ta ni?"

Mo dá fóònù padà sínú báàgì.

Ìyá àgbà kan ló ni ṣọ́ọ̀bù tí a wọ̀ kẹ́yìn. Ó yẹ ojú Bàbá wò, ó sì gbé awò kan sí i lójú. Bàbá wo ìta, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi, tó sì ń wò mí títí.

"O ti rù," ló wí.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Láti ìgbà tí mo ti ń sá lọ sá bọ̀ l'Ékòó, kò sẹ́ni tó wò mí tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìyá náà mi orí sí owó rẹ̀, Bàbá bọ́ awò náà, ó rọra gbé e padà sórí tábìlì, ó sì ń táràrà wá ọ̀nà ìta. Ara mi ò gbà á. Mo fa ìyá náà sí kọ̀rọ̀, mo fi fóònù sanwó fún un, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe bí ẹni gba owó Bàbá, kó sì dá owó náà padà fún mi ní kọ̀rọ̀ tó bá yá. Ó gbà. Ó pe Bàbá padà, ọwọ́ méjèèjì ló sì fi gba owó náà.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Owó yín dáa."

Inú Bàbá dùn débi pé ó ń kí àwọn tí kò mọ̀ rí ní títì. Inú tèmi náà dùn, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún dé. Báàgì kan wà ní abíyá rẹ̀. Owó àwọn ará abúlé ló kún inú rẹ̀, wọ́n di ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àkísà.

"Mo sọ fún wọn pé obìnrin kan wà l'Ókè-Ìléwó tó ṣì mọ iyì owó àgbẹ̀," ó wí. "Wọ́n ní kí n bá wọn ra nǹkan wá."

Mo jókòó. Mi ò lókun tí mo lè fi wá irọ́ míì, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò pariwo. Ó bọ́ awò náà, ó fi etí bùbá nù ún, mo rò pé ó fẹ́ dá a padà fún mi ni.

"Ìwọ lo wá ra ojú fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ má bínú."

"Owó mi dà?"

Mo lọ mú un wá nínú yàrá. Ó kó o mọ́ ti àwọn ará abúlé, ó sì gbé awò padà sójú.

"Jẹ́ ká lọ sí báńkì. Tí wọ́n bá gbà á, wàá gba tìẹ padà, ojú á sì di tèmi."

Wọ́n ti ní kí báńkì máa ṣí ní Sátidé nítorí ọ̀rọ̀ owó náà. Nígbà tí a débẹ̀, ìlà ti yí ilé báńkì po, ó ti jáde sí títì. A tò sẹ́yìn gbogbo wọn. Oòrùn mú. Bàbá na ọrùn wo iwájú.

"Awò yìí dáa," ó ní. "Mò ń rí iwájú ìlà láti ibí. Kò sún."