Ọmọ Tí Uulkan Kò Ya Fọ́tò Rẹ̀

Ní abúlé wa, Toguz-Jangak, bí ewé igi àsálà bá ti ń pọ́n, kò sẹ́ni tí í gbélé mọ́. A ó di ẹní, ìkòkò àti adìyẹ sẹ́yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, a ó gòkè lọ sínú igbó lọ gbọn igi kó àsálà, a ó sì pàgọ́ síbẹ̀ títí yìnyín yóò fi lé wa wálẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ á ṣófo. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà, èmi náà á gbé àpò kọ́ èjìká, nítorí kò sí ẹni tí n óò dúró kọ́. Inú igbó yẹn ni ìṣẹ̀lẹ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀. Mo wà níbẹ̀, ojú mi ló ṣe.

Uulkan ni onífọ́tò wa. Ilé rẹ̀ dojú kọ tèmi. Ọdún méjìlélógún ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìyàwòrán ìjọba ní ìlú, tó ń ya ìyàwó tuntun, ṣọ́jà, àti àwọn tó fẹ́ gba ìwé ìrìnnà. Nígbà tí ìjọba àtijọ́ fọ́, wọ́n ti ilé náà pa. Ó gbé kámẹ́rà kan tó wúwo bí òkúta wálé, pẹ̀lú agolo fíìmù díẹ̀, ó sì fi kúbúsù dí fèrèsé yàrá ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè máa fọ fọ́tò níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà nílé ọkọ lọ́nà jíjìn. A rò pé kó máa ta dúkìá ni yóò kù.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Rọ́ṣíà. Ọkọ lọ, ìyàwó tẹ̀lé e, wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá àgbà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń fóònù sí ilé ìfìwéránṣẹ́, tí wọ́n ń bẹ Uulkan.

"Màmá, ẹ bá mi ya ọmọ mi. Mi ò fẹ́ èyí tó jókòó bí adájọ́ o. Ẹ yà á níbi tó ti ń ṣeré, kí n rí i pé ara ẹ̀ yá."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé ní gbogbo ìgbà ìwọ́wé, Uulkan á gòkè lọ ya àwọn ọmọ. Ìmọ́lẹ̀ oṣù kẹwàá dára, ewé pupa bo ilẹ̀ títí dé orúnkún, gbogbo ọmọ sì wà lójú kan. Wọ́n á máa da ewé sí ara wọn lórí, wọ́n á máa fi egungun ẹsẹ̀ àgùntàn ṣeré bí ọmọ ayò lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbá mọ́, Uulkan á sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú kámẹ́rà lójú, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ẹni tó bá ń lọ sí Mọsiko ní Rọ́ṣíà ló máa ń bá wa mú àpòòwé fọ́tò lọ. Mo gbọ́ pé ọkùnrin abúlé wa kan tó ń kọ́lé níbẹ̀ lẹ ti ọmọ rẹ̀ mọ́ inú àṣíborí iṣẹ́ rẹ̀.

Fíìmù ò pọ̀. Láti olú-ìlú orílẹ̀-èdè wa ni wọ́n ti ń bá a rà á, ó sì lè pé oṣù mẹ́ta kí òmíràn tó dé. Nítorí náà, ọmọ tí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́ fún nìkan ló ń yà. Kò fi ṣe ìkà. Gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀.

Begimay kò sí lára wọn. Ọmọbìnrin Cholpon ni, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, Bubusara. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí Cholpon fi lọ sí Mọsiko lọ máa fọ àtẹ̀gùn ilé olókè. Kò ní ìwé ìgbélùú, kò sì lè wálé, torí ẹ̀rù ń bà á pé tó bá jáde, wọ́n lè má jẹ́ kó padà wọ Rọ́ṣíà. Ó kúkú ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi fọ́tò ọmọ náà ránṣẹ́ sí òun. "Tí mo bá rí i," ló wí, "mi ò ní lè dúró níbí mọ́." Bubusara sọ ọ́ fún Uulkan, Uulkan sì gbọ́.

Ta wá ni yóò ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ ọdún mẹ́jọ? Begimay fẹ́ràn fọ́tò ju gbogbo wọn lọ. Bí Uulkan bá ti gbé kámẹ́rà sójú báyìí, yóò sáré gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ọmọ tí kì í rìn ni, sísá ló máa ń sá. Aṣọ òtútù ọkùnrin ló máa ń wọ̀, tí apá rẹ̀ gùn kọjá ọwọ́.

Lọ́jọ́ yẹn, Uulkan ń ya ọmọ méjì kan, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, tí bàbá wọn wà ní Síbéríà. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, mò ń mu tíì. Àwọn ọmọ náà ju ewé sókè, ewé ń bọ̀ lórí wọn bí òjò, bẹ́ẹ̀ ni Begimay gba àárín wọn kọjá.

"Begimay! Mo ní kúrò níbẹ̀!"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, Màmá. Mo kàn ń kọjá ni."

"Ò ń kọjá! Ìgbà mẹ́ta lo ti kọjá. Ṣé ọ̀nà ọjà ni ibí?"

Àwọn ọmọ yòókù bú sẹ́rìn-ín. Begimay dúró, ó nu imú sí apá aṣọ rẹ̀.

"Ẹ ya èmi náà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Ìyá rẹ ní ká má yà ọ́."

"Irọ́ ni. Ìyá mi ò mọ̀ mí. Báwo ló ṣe máa ní kẹ́ ẹ má yà mí?"

Uulkan gbé kámẹ́rà kúrò lójú. Ìmọ́lẹ̀ ń lọ, àwọn ọmọ tó fẹ́ yà ti ń tú ká, inú ń bí i. "Wo ẹnu bí abẹ! Lọ bá ìyá àgbà rẹ gbọn igi. Igi wà lọ́hùn-ún tẹ́nì kan ò tíì fọwọ́ kàn, ò ń fò kiri níbí bíi tata."

"Ó dáa. Màá gun òkè ẹ̀ pátápátá, tẹ́ ẹ bá wá ń bẹ̀ mí, mi ò ní sọ̀kalẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo rẹ́rìn-ín. Ó sáré lọ, ewé kan há sí i lórí, Uulkan sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

A ò gbọ́ igbe. Ohùn Bubusara la kọ́kọ́ gbọ́, tó ń pe ọmọ náà bí ẹni tó ń pè é wá jẹun. "Begimay! Begimay o!" Lẹ́yìn náà ohùn náà yí padà, gbogbo wa sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀ka igi tí Begimay gùn ti gbẹ, ó sì dá. Orí ewé ló dùbúlẹ̀ sí, ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kan ló ti etí rẹ̀ wá, kò sí ọgbẹ́ mìíràn. Wọ́n gbé e lé kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Kí wọ́n tó jáde nínú igbó, ó ti kú.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, àwọn ọkùnrin gbé e lọ sin. Ọjọ́ kẹta ni Cholpon dé. Ó sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù ní Osh, ìlú ńlá tó súnmọ́ wa, ó wọ mọ́tò wá, pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ lára, tó ń run ọṣẹ. Ọdún márùn-ún àti ààbọ̀ ti kọjá, ó sì fi ọjọ́ kan pẹ́ láti rí ojú tó fẹ́ rí.

Ó wọlé tọ àwọn obìnrin lọ, ó kọjú sí ògiri láti sunkún arò. Nínú arò tiwa, a máa ń pe ẹni tó kú bó ṣe rí: ojú rẹ̀, irun rẹ̀, bó ṣe ń rìn. Cholpon bẹ̀rẹ̀: "Ọmọ mi, ọmọ mi tó..." Ó dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò mọ ohun tó kàn. Ìyàwó mi tó wà níbẹ̀ sọ fún mi pé òun ò tíì gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ tó burú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ keje ó wá sọ́dọ̀ Uulkan. Uulkan ní kí n bá òun jókòó, òun ò lè dá gbọ́ ọ.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Cholpon wí, "mo mọ̀ pé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ má yà á. Ṣùgbọ́n ẹ máa ń ya àwọn ọmọ pa pọ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà níbì kan. Ẹ bá mi wá a."

"Màá wá a, àbúrò. Màá wá gbogbo ẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi wà nínú yàrá kúbúsù yẹn látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Gbogbo fíìmù ọdún mẹ́rin ló kó jáde, ó ń gbé wọn sí iwájú gílóòbù lọ́kọ̀ọ̀kan. Begimay wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó wà níbẹ̀ nígbà mọ́kànlá. Nínú ọ̀kan, ìgbọ̀nwọ́ ni. Nínú òmíràn, bàtà kan. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú irun dídì tó ń fò lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ẹyọ kan ṣoṣo ló ti kọjú sí wa, ó ń sáré bọ̀, ó la ẹnu, ṣùgbọ́n eré náà ti fa ojú rẹ̀ gùn bí omi tí wọ́n dà sórí tábìlì. Uulkan fọ ọ́ tóbi. Bó ṣe ń tóbi tó ni ojú náà ń tú ká tó, títí ó fi di èérú.

Èyí ló gbé fún Cholpon. Cholpon gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó wò ó pẹ́.

"Ṣé òun rèé?"

Ó yíjú sí Uulkan. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí i, ṣé báyìí ló rí? Imú ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ojú ẹ̀ tóbi?"

Uulkan sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìgbà yẹn gan-an lòun tó mọ̀ pé òun ò rántí. Ọdún mẹ́rin ni ọmọ náà fi ń sáré gba iwájú rẹ̀, òun ò sì wo ojú rẹ̀ rí, àfi bí ẹni ń wo nǹkan tó dínà. Èmi ńkọ́, tí mo kọ́ ọ níwèé? Mo rántí apá aṣọ rẹ̀ àti ìwé rẹ̀ tó kún fún yíǹkì. Ojú Bubusara ti ń ṣú láti ọdún mélòó kan, kò lè sọ bí ojú ọmọ náà ṣe rí.

"Ó jọ ẹ́," ni Uulkan wí níkẹyìn. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Nígbà tí yìnyín yọ́, Cholpon lọ bá oníṣẹ́ òkúta ní ìlú. Níbí, a máa ń fín ojú òkú sára òkúta dúdú orí sàréè. Ọkùnrin náà wo fọ́tò, ó mi orí, kò lè fín ìyẹn. Ó bi Cholpon bóyá Cholpon fúnra rẹ̀ ní fọ́tò tí wọ́n yà á nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Ó ní i. Ìyẹn ni wọ́n fín, wọ́n sì kọ orúkọ Begimay sábẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkúta náà kalẹ̀, mo kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá ṣàdúà. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó. Ọ̀kan fà mí láṣọ.

"Tíṣà, ta nìyí?"

"Begimay ni."

"Rárá o. Begimay ní àpá ńbí." Ó fọwọ́ kan ìpéǹpéjú òsì rẹ̀.

"Ọ̀tún ni," lẹnì kejì wí.

"Òsì ni jàre! Ẹ̀gbẹ́ mi ló ń jókòó sí."

Cholpon ti gbọ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú wọn. "Àpá wo? Kí ló gé e? Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú méjèèjì?" Ẹ̀rù ba àwọn ọmọ náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ibẹ̀ ni Uulkan ti sọ ọ́, lẹ́bàá sàréè, lójú èmi àti gbogbo wọn. Ó ní òun lòun ní kí Begimay lọ gbọn igi. Ó ní ọmọ náà bẹ òun fún ẹyọ fọ́tò kan, òun sì lé e.

Cholpon kò gbójú sókè. "Mo ti gbọ́. Ìyá sọ fún mi látìgbà tí mo ti dé." Ó gbọn eruku kúrò lórúnkún. "Kí ni kí n wá fi ìyẹn ṣe, Ẹ̀gbọ́n? Èmi náà lé e. Kí ni kí n fi ṣe?"

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó padà sí Mọsiko. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni, kò sì fóònù mọ́, àní sí ìyá rẹ̀ pàápàá.

Nígbà tí ìwọ́wé tún dé, Uulkan gbé kámẹ́rà lọ sínú igbó. Ó ní òun yóò ya gbogbo ọmọ, èyí tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ fún àti èyí tí wọn ò bẹ̀ ẹ́ fún, ojú sí ojú. Ó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbọ́ tí àwọn àgbàlagbà ń sọ pé nítorí kí ojú wọn má bàa sọnù bí wọ́n bá kú ló ṣe ń yà wọ́n. Bí wọ́n bá ti rí kámẹ́rà báyìí, eré á dúró. Wọ́n á tò, wọ́n á na ọwọ́ gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á máa wo iwájú bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́.

"Ẹ máa ṣeré," ló ń sọ fún wọn. "Ẹ da ewé. Ẹ máa pariwo, mi ò ní bá yín wí."

Wọn ò mira. Ọmọdé kan bi í bóyá òun lè máa lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Lọ́jọ́ kẹrin, ó kó ẹrù rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó fa kúbúsù kúrò lójú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ sì ba fíìmù tó kù jẹ́ pátápátá. Mo bá a níbi tó ti jókòó láàárín wọn.

"Ẹ ì bá bò wọ́n, Màmá," ni mo wí.

"Fún ta ni, Tíṣà?"

Ó ti di obìnrin tó ń fọ́ àsálà nínú ilé ìkẹ́rù báyìí, láàárín ogún obìnrin mìíràn. Àwọn yòókù máa ń sọ̀rọ̀, wọ́n máa ń kọrin. Òun kì í dá sí i. Tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá ń kọjá lójú títì, tí wọ́n ń ṣeré, ó máa ń yí àga rẹ̀ padà, á sì kọ ẹ̀yìn sí ojú ọ̀nà.