Ìfun Má-mira Onígbàjámọ̀

Má-mira ni gbogbo àdúgbò ń pe onígbàjámọ̀ náà, torí ohun tó máa ń sọ nìyẹn bó bá ti gbé kílípà lé èèyàn lórí. Àmọ́ láti bí ọdún méjì, òun gan-an ni kò lè dúró sójú kan. Inú á kàn lọ́ ọ lójijì, á ju kílípà sílẹ̀, á sá gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bó bá jókòó, ẹ̀jẹ̀ ni. Bó bá dìde, á tún fẹ́ padà jókòó.

Dókítà ní ìfun rẹ̀ ló wú, tó dégbò. Pé ara rẹ̀ ló ń bá ara rẹ̀ jà, kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí. Ó fún un lóògùn, ó ní kó máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: iye ìgbà tó lọ, bóyá ó ṣàn tàbí ó dì, bóyá ẹ̀jẹ̀ bá a wá, bí inú ṣe run tó.

Má-mira ń kọ ọ́ sórí fóònù. Nígbà tó yá, ó sú u. Àgbàlagbà bíi tirẹ̀, kó máa kọ ìtàn ìgbẹ́! Bó bá lọ lẹ́ẹ̀mẹjọ, á kọ mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀, á fò ó. Ojú ń tì í, àní níwájú fóònù lásán. Dókítà á wo àkọsílẹ̀, inú rẹ̀ á dùn. "Oògùn yìí ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa lò ó lọ." Má-mira á rẹ́rìn-ín, ṣòkòtò á sì máa já bọ́ nídìí rẹ̀ torí ó ti rù.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ń fá orí tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Apá ọ̀tún ti ń dán, tòsì ṣì kún bí igbó, nígbà tí inú rírun dé. Ó sá lọ. Bó ṣe fẹ́ dìde níbẹ̀, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú gbì. Sìmẹ́ńtì tutù lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò tiẹ̀ wù ú kó dìde mọ́.

Tíṣà ti dé ẹnu ọ̀nà. "Má-mira, ṣé kò sí?"

"Kò sí, sà. Mò ń bọ̀."

"Níbo lo ti ń bọ̀? Ṣílẹ̀kùn!"

Tíṣà ló ránṣẹ́ pe ìyàwó Má-mira, orí tí wọ́n fá dé ìlàjì náà ló sì gbé tẹ̀lé wọn dé ilé ìwòsàn. Àwọn nọ́ọ̀sì ń fọwọ́ bo ẹnu.

Dókítà yẹ fóònù wò. "Mẹ́ta péré ló wà níbí."

"Mẹ́ta kẹ̀?" ni ìyàwó dáhùn. "Dókítà, èmi ni mò ń fọ ṣòkòtò."

Má-mira kọjú sí ògiri. "Ó rẹ̀ mí ni, dókítà. Bí mi ò bá kọ ọ́, ó máa ń dà bíi pé kò ṣẹlẹ̀."

Dókítà ò bínú. "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ kọ ni mo fi ń wò yín. Mi ò ní ojú mìíràn nínú ilé yín."

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, wọ́n sì pààrọ̀ oògùn náà sí abẹ́rẹ́. Nísinsìnyí, ìyàwó ló ń kọ, láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Mélòó, Bàbá Ìbejì?"

"Fi mí sílẹ̀ jàre."

"Mélòó ni?"

"Ìkẹrin. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀."

Àìsàn náà ò lọ. Dókítà ní Má-mira àti àìsàn ọ̀hún ló máa jọ darúgbó. Láàárọ̀ mìíràn, á ti rẹ Má-mira kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Á jókòó síta díẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kó tó wọlé.