Ọwọ́ Ẹlẹ́rìn-ín Nínú Fíìmù

Kí Àǹtí Òkè tó di Àǹtí Òkè, ìdí káńtà ló wà bíi ti àwọn yòókù nínú ilé ìtajà ńlá náà. Orúnkún ló gbé e gòkè. Nígbà tí kò lè dúró láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ mọ́, ọ̀gá ní kó lọ jókòó sí yàrá kékeré tó wà lókè, kó máa wo àwọn tẹlifíṣọ̀n tí kámẹ́rà ń gbé àwòrán ìsàlẹ̀ wá sí. Ẹ wo ọgbọ́n ọ̀gá: obìnrin tí orúnkún ń dùn, ó ní kó máa gun àtẹ̀gùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Ẹni tó sún mọ́ ọn jù nínú wọn ni ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, nítorí pé eyín rẹ̀ kì í wọlé. Káńtà kan náà ni wọ́n jọ ń dúró sí tẹ́lẹ̀. Ọmọ náà ló máa ń bá a gbé páálí tó bá wúwo, òun náà ló máa ń bá a fi òróró pa orúnkún nígbà ìsinmi ọ̀sán. Lọ́jọ́ tí Àǹtí Òkè fẹ́ gòkè, Ẹlẹ́rìn-ín dì mọ́ ọn.

"Àǹtí, ẹ ti di ará òkè. Ẹ má gbàgbé àwa tá a wà nílẹ̀ o."

"Báwo ni mo ṣe máa gbàgbé rẹ? Ṣebí ìwọ ni màá máa wò látàárọ̀ dalẹ́."

Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni ọ̀gá kọ́ ọ nípa fíìmù wíwò. Ó ní, "Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ máa wò. Ojú lè purọ́, ọwọ́ kì í purọ́. Níbi tẹ́ ẹ bá ti rí ọwọ́ olè, ẹ dá fíìmù dúró níbẹ̀, kẹ́ ẹ pè mí." Àǹtí Òkè gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó wo ọwọ́ títí tó fi ń fi ìka lásán dá gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀. Ṣùgbọ́n kò mú olè kankan, ọ̀gá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé yàrá òkè kàn ń jẹ iná lásán ni. Ìyẹn ba Àǹtí Òkè lẹ́rù gidigidi. Bí wọ́n bá ti yàrá yẹn pa, orúnkún ò ní jẹ́ kó padà sídìí káńtà, ilé ló kàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni ọkùnrin kan sáré padà wọlé, tó ń pariwo pé òun fi fóònù òun sílẹ̀ lórí káńtà Ẹlẹ́rìn-ín, òun ò sì rí i mọ́. Ọ̀gá fò gòkè. Àǹtí Òkè dá fíìmù padà sẹ́yìn. Ó rí fóònù lórí káńtà, ó rí ọwọ́ Ẹlẹ́rìn-ín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rí i tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ọwọ́ kejì lọ síbi àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Fóònù ò sí níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni ayọ̀ kan tí kò dáa gba inú Àǹtí Òkè kọjá, pé ọwọ́ òun ti tẹ ẹnì kan wàyí. Ó dá fíìmù dúró.

"Òun ló mú un," ló sọ. Kò sọ pé ó jọ bẹ́ẹ̀, kò sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un wò.

Wọn ò bá fóònù lára Ẹlẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní ó ti gbé e fún ẹlòmíì. Wọ́n lé e lójú gbogbo oníbàárà, ó ń sunkún, ó ń wo òkè. Ọ̀gá wá tẹ àwòrán tí Àǹtí Òkè dá dúró náà sórí ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà wọlé, kí ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fún àwọn yòókù. Gbogbo wọn ní ojú Àǹtí Òkè mú. Òun náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí kámẹ́rà kan bàjẹ́ ni ọkùnrin tó ń tún un ṣe wá. Aláròyé ni, kò lè ṣiṣẹ́ kó pa ẹnu mọ́. Ó gbé ife tíì rẹ̀ síwájú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lórí tábìlì.

"Màmá, kọ́kọ́rọ́ mi dà?"

"Mi ò rí i."

"Ṣé wọ́n ti jí i ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ife kúrò. "Bí kámẹ́rà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ibi tí wọ́n gbé e kọ́ nìkan ló ti ń wò. Kì í purọ́, àmọ́ kì í sọ̀rọ̀ tán. Ẹ máa jẹ́ kí fíìmù lọ, ẹ má kàn dá a dúró níbi tó bá ti bá èrò ọkàn yín mu. Kẹ́ ẹ sì tètè máa wò ó o, torí tí ẹ̀rọ yìí bá ti kún, á máa pa àwọn ti àtijọ́ rẹ́ ni."

Àǹtí Òkè ò lè rẹ́rìn-ín. Bí ọkùnrin náà ṣe jáde, ó wá fíìmù ọjọ́ náà, ó sì jẹ́ kó lọ. Oníbàárà náà ti gbé páálí bisikíìtì kan síwájú fóònù ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbé páálí náà kúrò, fóònù tún yọ, ló bá gbá a pọ̀ mọ́ búrẹ́dì sínú báàgì. Ó dájú pé ó bá a nínú báàgì nílé, ojú tì í, ló bá panu mọ́. Àǹtí Òkè bú u dáadáa. Ó bú u tán, òun náà panu mọ́.

Ẹ̀rù ọ̀gá ló ń bà á. Tó bá jẹ́wọ́, ta ni yóò tún gba ojú rẹ̀ gbọ́? Ojoojúmọ́ ló ń gba iwájú àwòrán orí ilẹ̀kùn yẹn kọjá, tí yóò sì wo ilẹ̀. Wọ́n ní agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Òun ò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan tó fi dá a. Ìgbà tó rántí pé ẹ̀rọ náà yóò pa fíìmù rẹ́, tí ẹ̀rí ọmọ náà yóò sì bá a lọ, ló tó gbéra lọ bá ọ̀gá.

Ọ̀gá wo fíìmù náà tán, ó họ orí. "Ẹ sọ fún un kó padà sẹ́nu iṣẹ́," ni gbogbo ohun tó sọ. Àǹtí Òkè fi fóònù rẹ̀ gba fíìmù náà sílẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ já àwòrán kúrò lára ilẹ̀kùn, ó sì forí lé ilé Ẹlẹ́rìn-ín.

Ó bá a níbi tó ti ń sá aṣọ. Ọmọ náà kí i káàbọ̀, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ ò yọ. Àǹtí Òkè fi orúnkún tó ń dùn ún yẹn kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì.

"Ẹ dìde, Àǹtí. Ẹ̀yin lẹ bí mi."

"Jọ̀ọ́, wo fíìmù yìí. O ò mú un. Mo ti wá rí i báyìí pé o ò mú un."

"Kí ni mo fẹ́ wò? Ṣebí èmi ni mo wà níbẹ̀." Ó gba àwòrán orí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ. "Kí lẹ rí pé mò ń ṣe níbí?"

"O bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. O fọwọ́ sí àpò."

"Mo di àpò mú kí bírò má baà já bọ́ ni. Àǹtí, ẹ wo ojú mi níbẹ̀."

Àǹtí Òkè kò wo ojú náà rí. Ọmọ náà gbójú sókè, ó ń wo kámẹ́rà tààrà, gbogbo eyín rẹ̀ wà níta.

"Ẹ̀yin ni mò ń kí," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Tí èrò bá ti dín kù báyìí, mo máa ń kúnlẹ̀ kí yín. Ojoojúmọ́ ni. Mo rò pé ẹ̀ ń rí mi."

Ó dá àwòrán náà padà fún un, ó yíjú sí aṣọ rẹ̀. Àǹtí Òkè kàn ń wo ẹ̀rín náà lórí ìwé. Ní gbogbo ọjọ́ tí àwòrán náà fi wà lára ilẹ̀kùn yẹn, òun Àǹtí Òkè ni ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín sí.