Ikọ́ Ilé Búrẹ́dì

Ọkùnrin kan wà tó ń ṣe búrẹ́dì, tí ẹnikẹ́ni kì í pè ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Máfọwọ́kàn-án ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ohun tó máa ń kígbe mọ́ oníbàárà nìyẹn kí wọ́n tó kí i káàárọ̀ tán. Bí ọmọdé bá na ìka sí búrẹ́dì, á pariwo. Bí àgbàlagbà bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó rọ̀, á gbá ọwọ́ onítọ̀hún dànù. Ká má purọ́, búrẹ́dì rẹ̀ dáa. Bí kò bá dáa ni, ta ni ìbá máa fara da ẹnu ọkùnrin yẹn láràárọ̀?

Bàbá rẹ̀ ló dá ilé búrẹ́dì náà sílẹ̀, tó sì fi í lé òun tó jẹ́ àkọ́bí lọ́wọ́ kó tó kú. Àbúrò kan ṣoṣo ló ní, ọmọ ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló ń dúró ti ààrò àti oníbàárà, àbúrò ló ń po ìyẹ̀fun nínú yàrá kékeré kan tó wà láàárín ilé, tó ní fèrèsé kan péré. Máfọwọ́kàn-án kì í jẹ́ kí wọ́n ṣí fèrèsé yẹn. Ó ní atẹ́gùn á gbé ìyẹ̀fun òun lọ fún ẹni tí kò rà á.

Òfin mìíràn tún wà níbẹ̀. Bí àpò ìyẹ̀fun bá ṣófo, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jù ú nù. Wọ́n á yí inú rẹ̀ síta, wọ́n á tẹ́ aṣọ mímọ́ sílẹ̀, wọ́n á wá máa na àpò náà mọ́ ògiri títí èyí tó kù lára rẹ̀ á fi bọ́. Òun ni wọ́n ń wọ́n sórí tábìlì kí ohun tí wọ́n pò má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Àbúrò ló ń na àpò. Bó bá ti ń nà án láàárọ̀, inú yàrá á funfun débi pé ojú ò ní tó ògiri kejì, Máfọwọ́kàn-án á sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa ṣọ́ ọ bóyá ó nà án dáadáa. Ahun ni, mi ò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Díẹ̀díẹ̀ ni àìsàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Máfọwọ́kàn-án. Omi kọ́kọ́ ń dà nímú rẹ̀, ojú ń yún un, ó ń sín léraléra. Nígbà tó yá, ikọ́ dé, àyà rẹ̀ wá ń há. Á fẹ́ mí síta, èémí ò ní jáde tán, àyà á máa súfèé bíi kẹ́tù orí iná. Ó ra oògùn ikọ́, ó mu ún tán, ikọ́ jókòó sí àyè rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní ìlú mìíràn. Kò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí ikọ́ fi rọlẹ̀. Ó sùn bí ọmọ tuntun, ó ń gun àtẹ̀gùn ilé ọmọ rẹ̀ láìsinmi. Tayọ̀tayọ̀ ló fi padà sílé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó wọ yàrá ìyẹ̀fun, àbúrò rẹ̀ ń na àpò lọ́wọ́. Kí onítọ̀hún tó kí i kú àbọ̀ tán, àyà rẹ̀ ti há.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n burúkú ti wọ orí rẹ̀. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn: òun kúrò níbí, ara òun yá, òun padà dé ọ̀dọ̀ àbúrò òun, àìsàn dé. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ó rántí pé àbúrò yìí ló ń bu tíì fún òun láràárọ̀. Ó rántí pé ó ti dá a lábàá rí pé kí àwọn ra ààrò tuntun. Kí ló fẹ́ fi ààrò tuntun ṣe, bí kò bá ti mọ̀ pé tòun nìkan ni gbogbo rẹ̀ máa tó dà? Ìyàwó rẹ̀ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, pé inú kẹ́tù kan náà ni gbogbo òṣìṣẹ́ ti ń mu tíì. Ó dá a lóhùn pé kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, kó lọ jókòó.

Kò tiẹ̀ bò ó láṣìírí. Àárọ̀ tí oníbàárà kún iwájú fọ́fọ́ ló gbé ife tíì jáde, tó gbé e ka iwájú àbúrò rẹ̀, tó ní kó mu ún lójú gbogbo wọn. Àbúrò mu ún tán, ó da ojú ife délẹ̀. Ìyẹn ìbá ti tó fún ẹni tó ní làákàyè. Máfọwọ́kàn-án ní ó ti lo ẹ̀rọ̀ májèlé kó tó jáde nílé ni.

"Ìwọ lo fẹ́ pa mí," ó ní. "Ààrò mi lo fẹ́ jogún. Jáde, mi ò gbọdọ̀ rí ẹ níbí mọ́."

Àbúrò wo ojú àwọn oníbàárà. Àwọn tó ti ń bá a ṣeré láti ọjọ́ pípẹ́ ń wo ilẹ̀, ojo lásánlàsàn. Ó tú épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ká a, ó gbé e sórí tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pe èmi ọmọ ìyá yín ní apànìyàn lójú ọjà," ó ní. "Mo ti gbọ́." Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Ta ni yóò wá na àpò? Máfọwọ́kàn-án ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ra, tí fèrèsé náà wà ní títì, tó ń na àpò mọ́ ògiri pẹ̀lú ìbínú bíi pé àbúrò rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ìbínú ò mọ̀ pé olówó òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ikọ́ tó rò pé òun ti lé lọ wá di ìlọ́po. Ó ní májèlé tó ti wọnú ẹ̀jẹ̀ ni kò tíì jáde tán. Ó ń nà, ó ń húkọ́, ó ń ṣépè, títí di àárọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ò gbọ́ ìró àpò mọ́. Ó bá a lórí ìkúnlẹ̀, ètè rẹ̀ ti ń dúdú, ó ya ẹnu, afẹ́fẹ́ ò wọlé. Òun àti òṣìṣẹ́ kan tó ń kó búrẹ́dì sínú ààrò ló gbé e dé ilé ìwòsàn.

Wọ́n fi nǹkan bo imú àti ẹnu rẹ̀, oògùn ń rú jáde nínú rẹ̀ bí èéfín, ó ń fà á símú títí àyà rẹ̀ fi ṣí. Gbàrà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n wá májèlé náà lára òun. Dókítà obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, nígbà tó gbọ́ pé búrẹ́dì ló ń ṣe, ó rẹ́rìn-ín kékeré. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó kán oríṣiríṣi omi sí apá rẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ gún ojú ibẹ̀ fẹ́rẹ́, ó ní kó má họ ọ́. Kò pẹ́ tí ojú kan nínú wọn fi wú, tó pọ́n, tó ń yún bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ. Ibi tó kán omi ìyẹ̀fun sí ni. Máfọwọ́kàn-án bínú, ó ní inú ìyẹ̀fun ni wọ́n bí òun sí, pé búrẹ́dì lòun ń jẹ láti kékeré.

Dókítà ní jíjẹ yàtọ̀ sí fífà símú. Ó wá là á yé e pé àwọn ọmọ ogun wà nínú ara gbogbo ènìyàn, tí ojú ò lè rí, tí iṣẹ́ wọn ni láti kọjú ìjà sí kòkòrò àìsàn. Àwọn kan ń ṣọ́nà nínú imú àti ọ̀nà èémí, pẹ̀lú àpò oró lára wọn. Eruku ìyẹ̀fun tó ti ń fà símú lọ́dọọdún ni wọ́n ṣì mú fún ọ̀tá, wọ́n sì sàmì sí i. Láti ìgbà náà, bó bá ti wọlé báyìí, wọ́n á tú oró wọn dà sílẹ̀: ọ̀nà èémí á wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á kún un, ẹran tó yí i ká á fún un pọ̀. Wọ́n á tún ké sí àwọn ọmọ ogun mìíràn láti inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn yẹn kì í tètè lọ bí wọ́n bá dé, ilé tí wọ́n wá ṣọ́ gan-an ni wọ́n máa ń bàjẹ́. Ó ní ohun tí wọ́n ń pè ní ásímà nìyẹn.

"Bàbá, ìyẹ̀fun ò bá yín jà," ó ní. "Ara yín ló ń bá a jà. Kò ṣe yín ní nǹkan kan."

Máfọwọ́kàn-án béèrè oògùn tí òun lè máa lò kí òun lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Dókítà fún un ní èyí tó máa fà sẹ́nu láràárọ̀ àti lálẹ́ kí wíwú náà lè rọlẹ̀, àti èyí tó máa lò bí àyà bá ṣàdédé há. Ṣùgbọ́n ó ní oògùn kankan ò lè gba ẹni tó bá ti ara rẹ̀ mọ́nú eruku ìyẹ̀fun. Kó má wọ yàrá yẹn mọ́ o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gbé òkú rẹ̀ jáde níbẹ̀. Ó wá béèrè ẹni tó ń na àpò tẹ́lẹ̀.

"Àbúrò mi ni."

"Ẹ sọ fún un kó tètè wá. Bó ṣe ń fà á símú tó yẹn, ó lè ti bẹ̀rẹ̀ lára tirẹ̀ náà."

Ojú ti Máfọwọ́kàn-án, ó sì yẹ kó tì í. Bí ara rẹ̀ ṣe le díẹ̀, ó lọ wá àbúrò rẹ̀ lọ sí òdìkejì ìlú, ní ilé búrẹ́dì ẹlòmíràn tó ti ríṣẹ́. Ó dúró lẹ́yìn ilé, níbi tí eruku ò dé, ó ní kí wọ́n bá òun pè é. Kí ẹnikẹ́ni tó yọjú, ó gbọ́ ikọ́ láti inú yàrá. Ikọ́ gbígbẹ ni, tí ń súfèé níparí. Ó mọ ikọ́ yẹn bó ṣe mọ ohùn ara rẹ̀.

Àbúrò jáde, ìyẹ̀fun lára irun, ojú rẹ̀ pọ́n. Kò kí i. Máfọwọ́kàn-án bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ṣẹ̀, òun purọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló sọ gbogbo ohun tí dókítà wí, ó ní ìyẹ̀fun ni, kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lónìí, kó tẹ̀ lé òun lọ sílé ìwòsàn.

Àbúrò tẹ́tí gbọ́ ọ títí ó fi sọ̀rọ̀ tán.

"Nígbà tẹ́ ẹ̀ ń húkọ́, èmi ni májèlé," ó ní. "Ní báyìí tí èmi náà ń húkọ́, ó wá di ìyẹ̀fun. Ẹ lé mi níbi iṣẹ́ bàbá wa, ẹ tún wá lé mi níbi tí mo ti ń jẹun. Ẹ máa lọ, Ẹ̀gbọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó yí padà, ó wọ yàrá ìyẹ̀fun, ó ti ilẹ̀kùn. Máfọwọ́kàn-án sáré tẹ̀ lé e, ó ṣí ilẹ̀kùn náà, eruku funfun kọ lù ú lójú, àyà rẹ̀ há lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó fẹ́ pe orúkọ ọmọ ìyá rẹ̀. Ohùn ò jáde. Ó fà sẹ́yìn síta, ó di ògiri mú, ó ń wá èémí, ó sì ń gbọ́ àbúrò rẹ̀ tó ń húkọ́ nínú ilé.