Àwòrán Ilẹ̀ Tí Màmá Fi Okùn Rán

"Fi ìka rẹ tẹ̀lé okùn yìí. Odò Ọya nìyẹn. Má sáré o."

Màmá aránṣọ, tí kì í ṣe ẹbí wa, tó ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Abuloma, ní Port Harcourt, ló di ọwọ́ mi mú. Ojú mi kò ríran láti kékeré. Àpò ìrẹsì kan tí wọ́n rán okùn mọ́ ló wà lábẹ́ ìka mi, ó ń rùn bí òróró máṣíìnì wọn. Okùn kan wá láti apá òsì, òmíràn láti apá ọ̀tún, àwọn méjèèjì pàdé láàárín, wọ́n sì jọ sọ̀ kalẹ̀. Bọ́tìnnì ni àwọn ìlú.

"Port Harcourt wa rèé. Ògbómọ̀ṣọ́ tèmi nìyí."

Ọwọ́ mi kú sójú kan. Mo ti rò pé ìlú wọn kò jìnnà ju Onne tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù lọ.

"Ó jìn tó báyìí?" N kò mọ̀ pé ayé tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Ní bí oṣù kan ṣáájú, Màmá ti bi mí ohun tí mo máa ń ṣe bí tíṣà bá ń fi máàpù kọ́ wa. Mo ní, "Wọ́n á ní kí n ṣáà jókòó." Máṣíìnì wọn dúró lójijì.

"Kí o ṣáà jókòó kẹ̀?"

Mo gbé àpò náà lọ sílé ìwé. Tíṣà wa fọwọ́ pa á títí.

"Na who sew am?"

Mo sọ fún wọn pé Màmá ló rán an.

"Ah! So na this one Mama dey measure?"

Tíṣà wá ṣàlàyé. Màmá máa ń yọjú sílé ìwé lẹ́yìn tí a bá ti lọ sílé, wọ́n á fi téèpù ṣe ìwọ̀n máàpù ara ògiri, wọ́n á sì ní kí tíṣà bá àwọn ka orúkọ ìlú, torí àwọn kò mọ̀wé. Wọn kò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Bí mo ṣe délé ni mo bi wọ́n: "Màmá, ẹ ò lè ka máàpù?"

"N ò lè kà á. Àmọ́ mo lè rán an."

Èmi náà ti di tíṣà báyìí. Mo ń kọ́ àwọn tíṣà míì bí wọ́n ṣe lè fi okùn, yanrìn àti páálí ṣe ohun ìkọ́ni fún ọmọ tí kò ríran. Ó pẹ́ tí Màmá ti kúrò láyé, ẹnu sì ń yà mí di òní: ẹni àkọ́kọ́ tó mú ìwé wá bá mi ni ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mú ìwé lọ bá rí.