Bàtà Olódòdó Lára Igi Gúáfà

Ọ̀dọ̀ Màmá Àbẹ̀ẹ́bí ni àwọn ọmọ kéékèèké àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ máa ń lọ bí wọ́n bá ti jáde ilé-ìwé, nítorí àwọn òbí wọn á ṣì wà lóko kòkó. Màmá á fún wọn lóúnjẹ, á ní kí wọ́n jókòó sábẹ́ igi gúáfà, á sì máa ṣọ́ wọn títí oòrùn á fi wọ̀. Opó ni. Àkúrẹ́ ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí ń gbé. Ó máa ń sọ pé bí kò bá sí ariwo àwọn ọmọ wọ̀nyí, òun ò ní mọ ohun tí òun ń jí fún.

Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan ṣí ilé ìtọ́jú ọmọ sí ẹ̀bá títì. Jáńgírọ́fà wà níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n náà wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Nígbà náà ni ọmọ rẹ̀ fi àwòrán ọgbà kan ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Wọ́n fi ike àti ìkòkò àlòkù ṣe oríṣiríṣi ẹranko sáàárín òdòdó. Màmá wò ó títí.

Ó ní, "Èyí ò le. Àlòkù ló kún inú ilé mi yìí."

Ó kun kẹ́tùrù tó ti jò ní àwọ̀ búlúù, ẹnu rẹ̀ sì di àgógó ẹyẹ. Ó ya aṣọ pupa kan tó ti gbó, ó so ó mọ́ ọn nídìí pé kó di ìrù. Abọ́ ìfọṣọ tó ti ya di ìjàpá. Òòyà méjì di ìyẹ́ labalábá. Ó to ìkarahun ìgbín sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé. Bàtà ọkọ rẹ̀ ló fẹ́ràn jù. Ó bu iyẹ̀pẹ̀ sí i, ó gbin òdòdó sínú rẹ̀, ó sì fi okùn so ó rọ̀ mọ́ igi gúáfà. Inú àwọn ọmọ tó kù dùn gan-an. Ṣèyíọlá, tó kéré jù nínú wọn, sọ ìjàpá náà ní "Ọ̀gá wa", ó sì ń kúnlẹ̀ kí i lójoojúmọ́.

Gbọ́lá ọlọ́kadà ló kọ́kọ́ dúró wò ó.

"Màmá, ta ló jí gúáfà yín tẹ́ ẹ fi pa ààlè tó tóbi tó báyìí?"

"Ààlè kẹ̀? Ṣé o ò rí òdòdó nínú rẹ̀ ni? Ojú ẹ ti gbó ju bàtà yìí lọ."

"Ẹ má bínú o. Èmi ò tiẹ̀ ní fọwọ́ kan ewé kan níbẹ̀."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá Gbọ́lá gun ọ̀kadà lọ káàkiri ìlú.

Níbí, bí ènìyàn bá rí bàtà gbígbó, òòyà, ìkarahun ìgbín àti aṣọ pupa lára igi eléso tàbí lábẹ́ rẹ̀, kò ní béèrè kó tó yẹra. Ẹni tó ni igi ti fi èpè ṣọ́ ọ nìyẹn, ẹni tó bá ká a á rí ìjà rẹ̀. Màmá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Òdòdó ló ń wò, kò wo ohun tó gbìn ín sí.

Lọ́jọ́ kan, Ṣèyíọlá jẹ gúáfà níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ara rẹ̀ gbóná, ó ń bì. Nọ́ọ̀sì ní ibà ni, ó fún un lóògùn, ara ọmọ náà sì yá. Ìyá rẹ̀ wá kúnlẹ̀ níwájú Màmá.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ká èpè yẹn kúrò."

"Èpè wo? Èmi tí mo fọwọ́ ara mi já gúáfà náà fún un?"

"Mo gbọ́, mà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣáà bá wa ká a kúrò."

Ọmọ kankan ò wá lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Màmá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, kí àwọn ọmọ lè padà wá. Ìyẹn ló wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá. Àwọn ará àdúgbò ní bó bá jẹ́ ohun ìṣeré ni, kí ló ń sáré tú u sí? Wọ́n ní ẹni tó bá pa ààlè tó sì tú u gbọ́dọ̀ ṣe ètùtù. Bí Màmá bá ṣe é, ó ti gbà pé èpè ni. Bí kò bá ṣe é, ọmọ kankan ò ní wá. Katikíìsì ìjọ Màmá wá gbàdúrà nínú ọgbà náà. Àwọn òbí ṣe àmín, ṣùgbọ́n ìta ni wọ́n dúró sí.

Ní báyìí, ilé ẹ̀bá títì ni gbogbo wọn ń lọ. Bí wọ́n bá ń darí bọ̀, iwájú ilé Màmá ni wọ́n ń gbà. Lánàá, Ṣèyíọlá pariwo, "Màmá!" Ìyá rẹ̀ fà á lọ́wọ́, ó sì kí Màmá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Màmá dìde, ó dáhùn, ó wá ń béèrè àlàáfíà ilé, ti ọkọ, ti oko. Wọ́n ti kọjá kó tó béèrè tán.